Iyè Àgbà àti Èdè tí A Fi Ń Wọ̀n Ọ́n: Àtúnyẹ̀wò Ìwádìí Ìbàdàn àti Indianapolis

Ìfáárà

Ní ọdún 2001, ìwé àtìgbàdégbà ìmọ̀ ìṣègùn ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a mọ̀ sí JAMA gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí orúkọ Yorùbá wà nínú àkọlé rẹ̀. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ni wọ́n ṣe é. Wọ́n tọ àwọn ẹni ọdún 65 sókè lẹ́yìn fún nǹkan bí ọdún márùn-ún: 2,459 Yorùbá ní ìlú Ìbàdàn, àti 2,147 ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀ ní ìlú Indianapolis. Wọn kò ka ẹni tí àrùn arán ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́ wọn. Ẹni tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ni wọ́n ń ṣọ́. Ní Ìbàdàn, ìwọ̀n àwọn tí ó ń mú lọ́dún jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Indianapolis, ó jẹ́ 3.24. Ti àrùn Alzheimer nìkan jẹ́ 1.15 ní Ìbàdàn, 2.52 ní Indianapolis.

Láti ìgbà náà ni iye wọ̀nyí ti ń rìn kiri láàrin àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ lórí èdè àti àṣà Yorùbá. Mo ti gbọ́ wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní àpérò, lẹ́nu ẹni tí kò ka ìwé náà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé agbo ilé wa, oúnjẹ wa àti ọ̀wọ̀ tí a ń fún àgbà kì í jẹ́ kí iyè àgbà wa bàjẹ́. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwa ni a fi kún un. Àríyànjiyàn mi nínú àròkọ yìí wà pẹ̀lú kíkà tí a ń kà á, nítorí pé kí iye kan tó lè jáde láti ẹnu àgbà Yorùbá dé inú tábìlì oníṣirò, ó ti gba inú èdè Yorùbá kọjá. Èdè náà ní ohun tí ó ń fi hàn, ó sì ní ohun tí ó ń bò mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni láti sọ ohun tí ó bò, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní dùn ún gbọ́ ní àpérò.

Ohun tí ‘ṣarán’ rí

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní fún ohun tí àwọn oníṣègùn ń wá ni arán. Àwọn kan tí ń kọ̀wé lórí ìlera lóde òní ti yan ‘àrùn ìgbàgbé’ dípò rẹ̀, bóyá nítorí pé arán ti di ọ̀rọ̀ èébú. Ìdí wọn yé mi, ṣùgbọ́n n kò tẹ̀ lé wọn. Gbogbo wa ni a ń gbàgbé. Bí a bá pe àrùn ní ìgbàgbé, a ti sọ ọ́ di ohun tí gbogbo àgbà gbọ́dọ̀ ní, àṣìṣe tí ó yẹ kí a sá fún gan-an nìyẹn. Àrùn arán ni n óò máa lò.

Síbẹ̀ arán náà ní ààlà tirẹ̀, bí a bá wo bí a ti ń lò ó. ‘Ṣé o ń ṣarán ni?’: ẹni ogún ọdún pàápàá ni a lè sọ ọ́ sí bí ó bá sọ ohun tí kò bá ojú ọ̀rọ̀ mu. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó kọ́kọ́ tọ́ka sí. Àgbà tí ń ṣarán ni èyí tí ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, tí ń pe ẹni tí ó ti kú pé kí ó wá jẹun, tí ń bú àlejò. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó kàn dákẹ́, tí kò lè ka owó mọ́, tí ọ̀nà oko ti dàrú mọ́ lójú, tí kò sì sọ ìsọkúsọ, èdè wa kò tíì ní orúkọ fún un. ‘Bàbá ti ń sinmi’ ni a ó wí. Ìsinmi sì jẹ́ ẹ̀tọ́ àgbà; ta ni yóò béèrè ohun tí ó fà á?

Mo rí èyí nínú ilé tiwa. Ìyá bàbá mi ta àdìrẹ fún ọdún púpọ̀, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe ìpàdé ní Ọjọ́rú. Nígbà tí ó yá, kò lọ mọ́. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ wá béèrè rẹ̀, ìyàwó ilé sì dá wọn lóhùn pé ẹsẹ̀ ń dun Màmá. Ẹsẹ̀ kò dùn ún. Orúkọ àwọn obìnrin náà ni kò rántí mọ́, ojú sì ń tì í. Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn kí ó tó bú àlejò kan ní gbangba pé ó jí owó òun. Ọjọ́ náà ni a fẹnu kò pé arán dé. Bí olùwádìí bá ti wọ ilé wa ní ọdún àkọ́kọ́, tí ó sì béèrè bóyá ìyá yìí ń ṣarán, tọkàntọkàn ni a bá fi dáhùn pé rárá, a kò sì ní í purọ́.

Èyí ṣe pàtàkì nítorí ìlànà ìṣègùn. Dókítà kì í pe àìrántí ní àrùn arán àfi bí ó bá ti ń dí iṣẹ́ òòjọ́ ẹni lọ́wọ́. Iṣẹ́ òòjọ́ wo? Ìyá àgbà tí ó ń dá gbé ní Indianapolis ní owó iná láti san, ọkọ̀ láti wà, oògùn láti lò ní wákàtí kan pàtó. Bí iyè rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, láàrin oṣù díẹ̀ ni gbèsè, ìjàm̀bá ọkọ̀ tàbí ìkòkò tí ó jóná yóò tú àṣírí rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní agbo ilé ní Ìbàdàn lè má dáná fún odidi ọdún mẹ́wàá, kí ọmọ kékeré máa bá a ra nǹkan, kí ìyàwó ilé máa gbé omi ìwẹ̀ sí i lẹ́yìn. Ohun tí ó sọnù lára rẹ̀ kò ní ibi tí yóò ti hàn. Agbo ilé náà lè jẹ́ ààbò lọ́wọ́ àrùn, ó sì lè jẹ́ aṣọ tí a fi bo àrùn lójú. Ẹni tí ó bá yan ìtumọ̀ kìíní láìgbé èkejì yẹ̀ wò kò tíì ka ìwé náà dáadáa.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé ìyàtọ̀ Ìbàdàn àti Indianapolis kì í ṣe òótọ́. Ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe ohun tí ìbòjú agbo ilé nìkan lè dá, àwọn olùwádìí náà kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ wọn. Ní 1995, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé iye àwọn tí àrùn ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́ jáde, Ìbàdàn ní 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí ń gbé inú ilé ara wọn ní Indianapolis sì ní 4.82. Wọ́n mọ̀ pé irú iye bẹ́ẹ̀ lè tan ni jẹ. Omi inú ìkòkò tí ó ń jò lè kéré kì í ṣe nítorí pé ìwọ̀nba ni a ń bù sínú rẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé ó ń tètè jò jáde. Bákan náà, bí àwọn aláìsàn bá ń tètè kú ní Ìbàdàn, iye tí a bá ká yóò kéré. Ìdí nìyí tí wọ́n fi padà lọ ka omi tí ń wọlé, èyí tí í ṣe iṣẹ́ 2001. Wọ́n tún rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ ní Ìbàdàn tó ti Indianapolis, ọ̀nà tí irú nǹkan wọ̀nyí ń gbà ba iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ jẹ́ kò sì ṣókùnkùn. Ti àbùdá tí a ń pè ní APOE ε4 náà wà níbẹ̀. Ó so mọ́ àrùn Alzheimer gan-an láàrin àwọn aláwọ̀ funfun, ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Òṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá a lára Yorùbá, wọn kò rí ìsopọ̀ náà. Nígbà tí ó pẹ́, tí àwọn tí a yẹ̀ wò ti pọ̀ sí i, ìsopọ̀ náà yọjú lára àwọn tí wọ́n jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá, kò sì lágbára tó ti ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ àbùdá nìyẹn. Mo padà sí ti èdè.

Ìbéèrè tí ó gba ẹnu ògbufọ̀

Irinṣẹ́ tí a fi kọ́kọ́ yẹ àwọn àgbà náà wò ni Community Screening Interview for Dementia, tí a ń gé kúrú sí CSI-D. Láàrin àwọn ọmọ onílẹ̀ Cree ní Manitoba, ní Kánádà, ni Kathleen Hall, Hugh Hendrie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ ìbéèrè tí kò ní fìyà jẹ ẹni tí kò kàwé. Apá kan rẹ̀ wà fún àgbà, apá kejì wà fún ẹbí rẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Apá kejì yìí ni mo kà sí ọgbọ́n tí ó tóbi jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dókítà yóò wá yẹ àwọn tí a bá yàn wò fínnífínní.

Ìtumọ̀ irú irinṣẹ́ yìí ní ìlànà tí gbogbo ayé mọ̀: ẹnì kan yóò tú u sí Yorùbá, ẹlòmíràn tí kò rí ti ìṣáájú yóò tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì, a ó sì fi méjèèjì wé ara. Ó dára. Ṣùgbọ́n ó ní ihò kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè yẹ kí ó tètè rí. Ẹ jẹ́ kí a mú ìdánwò tí ó wọ́pọ̀ nínú irú ìwádìí yìí, níbi tí a ti ń ní kí àgbà dárúkọ gbogbo ‘animal’ tí ó bá lè rántí láàrin ìṣẹ́jú kan. Bí a bá tú u sí ‘ẹranko’, ẹni tí yóò tú u padà yóò kọ ‘animal’, ìwé yóò sì bá ìwé mu. Ṣùgbọ́n ẹranko, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti sọ, ti inú igbó ni. Ewúrẹ́ kì í ṣe ẹranko lẹ́nu ìyá àgbà ará Ọ̀yọ́. Ẹran ọ̀sìn ni. Adìẹ kì í ṣe ẹranko, ẹyẹ ilé ni. Àparò jẹ́ ẹyẹ, àrọ̀ jẹ́ ẹja, eṣú jẹ́ kòkòrò. Gbogbo ìwọ̀nyí wọ inú ‘animal’ ti Gẹ̀ẹ́sì, a sì ń fún ará Indianapolis ní máàkì lórí wọn. Àgbà Yorùbá tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa ni yóò yọ wọ́n sílẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìmọ̀ èdè rẹ̀ ni yóò dín máàkì rẹ̀ kù. Kò tán síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àgbà mìíràn kì í pe ejò ní ejò, okùn ni yóò pè é. Ọdẹ tí a bá sì bá pàdé, tí ó dé orí ẹfọ̀n, lè fi ìyókù ìṣẹ́jú náà ki ẹfọ̀n, kí a kọ ‘ọ̀kan’ sílẹ̀ fún un.

Mini-Mental State Examination tí Marshal Folstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1975, tí a ń lò káàkiri ayé àti ní ilé ìwòsàn wa, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni a ti ń sọ fún àgbà pé kí ó máa yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún títí dé ìgbà márùn-ún. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìyọkúrò nìkan ni iṣẹ́ náà. Lédè Yorùbá, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan tún ní ìṣirò tirẹ̀ nínú. Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún: a fi mẹ́ta lé àádọ́rùn-ún, èyí tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ogún márùn-ún tí a yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀. Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún: a yí padà, a ń yọ mẹ́rin. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin: a ti fò kúrò lórí àádọ́rùn-ún bọ́ sórí ọgọ́rin, a yọ ọ̀kan. Méjìléláàádọ́rin: ìfilé ni báyìí. Márùndínláàádọ́rin: ìyọkúrò padà dé. Ẹni tí ó bá lè ṣe gbogbo èyí láìkọsẹ̀ ní ẹni ọgọ́rin ọdún ti ṣe iṣẹ́ tí ó ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kà lọ. Àwa ọ̀mọ̀wé tí a ń bi í léèrè gan-an, bí a bá dé orí mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ‘éétí-síìsì’ ni a ń pè é. Ìdánwò kejì tí a fi ń rọ́pò rẹ̀, pé kí ẹni náà pe lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ kan láti ẹ̀yìn wá síwájú, kò tilẹ̀ yẹ kí a máa sọ nípa rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kò lọ sí ilé ìwé.

Ti ọjọ́ ńkọ́? ‘Ọjọ́ wo nínú oṣù ni òní?’ Ìyá tí kò mọ̀ pé òní ni ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù lè mọ̀ pé ọ̀la ni ọjọ́ Jàkúta, pé ọ̀tunla ni ọjà, pé ìtàdógún tí wọn yóò pàdé láti dá èsúsú ku ọjọ́ mẹ́rin. Ọjà ọrún àti ọjà ìsán ti kọ́ ọ ní kàlẹ́ńdà tí kò sí lára ògiri. Bí ó bá pàdánù kàlẹ́ńdà yẹn, nígbà náà ni ìdààmú dé. Èyí tí kò ní tẹ́lẹ̀ kò ṣeé pàdánù.

Ìwà ìbéèrè náà tún ń kọ́. Ọ̀dọ́mọdé tí ó wọ ilé, tí ó na ọwọ́ sí ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ̀, tí ó sì bi bàbá ẹni ọdún 78 pé ‘Bàbá, kí ni à ń pe èyí?’ ti da àgbà láàmú. Àgbà tí a bi pé kí ni afárá, tí ó sì fèsì pé ‘Ṣé o ò rí i nígbà tí ò ń bọ̀ ni?’ kò dáhùn lójú ìwé. Yorùbá kankan kò ní í sọ pé kò dáhùn.

Lójú mi, àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ nípa bí a ti lè bọ́ nínú ìṣòro yìí wá láti Ìbàdàn gan-an. Àwọn ìdánwò àtọ̀húnwá máa ń ní kí àgbà fi pẹ́ńsùlù ya àwòrán igun márùn-ún tàbí àpótí. Ọ̀pọ̀ arúgbó ní Ìbàdàn kò tíì di pẹ́ńsùlù mú rí. Ọwọ́ wọn gbọ̀n, ojú tì wọ́n, òmíràn kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Baiyewu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò wulẹ̀ tú ìdánwò náà. Wọ́n ju pẹ́ńsùlù nù, wọ́n mú igi ìṣáná. Olùwádìí yóò to igi ìṣáná mélòó kan sí bátànì kan lórí tábìlì, àgbà yóò sì fi tirẹ̀ to irú rẹ̀. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005. Àwọn tí kò kàwé gbà á ju ìyàwòrán lọ, kò sì jẹ́ kí gbogbo wọn já sí òdo. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ìtumọ̀ ni wọ́n ṣe. Wọ́n béèrè ohun tí ìdánwò náà fẹ́ mọ̀, wọ́n sì wá ohun tí ọwọ́ àgbà yẹn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. N kò tíì rí irú rẹ̀ tí a ṣe fún ọ̀rọ̀ bí ẹranko, fún òǹkà, àti fún ọjọ́ ọjà. Ẹ̀ka ìmọ̀ Yorùbá ni iṣẹ́ náà bá wí.

Ọjọ́ orí àti ilé ìwé

Kò sí ohun tí ó so mọ́ àrùn arán tó ọjọ́ orí. Ọjọ́ orí ta ni, ta ló kọ ọ́ sílẹ̀? Àwọn tí ó ti lé ní ẹni ọdún 65 ní Ìbàdàn ní 1992 kò ní ìwé ìbí. Àwọn olùwádìí lo àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìtàn tí Ajayi àti Igun ti ṣe ní 1963: ogun, ìjẹ ọba, àjàkálẹ̀ àrùn, àti irú wọn. Ògúnníyì àti Òṣuntókun yẹ̀ ẹ́ wò ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1993. Ọ̀nà náà dára, ó sì jẹ́ ti ilé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀bìrìpé tí ó wà nínú rẹ̀: a fẹ́ mọ bí ọjọ́ orí ti ń ba ìrántí jẹ́, ìrántí náà sì ni a fi ń wá ọjọ́ orí. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń yẹ̀ lè sọ ara rẹ̀ di ọmọdé tàbí kí ó fi ìtàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe tirẹ̀. Ẹ̀rí ẹbí a máa ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹbí náà fẹ́ràn kí bàbá wọn ti pé ọgọ́rùn-ún.

Ti ilé ìwé ló jinlẹ̀ jù. Gbogbo ayé ni a ti sọ pé ọdún tí ènìyàn lò ní ilé ìwé wà lára ohun tí ń dáàbò bo iyè lọ́jọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, lábẹ́ ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹni tí ó pé 65 ní 1992 ti di ẹni ọdún 28 nígbà náà. Nínú ìran tirẹ̀, ta ni ó lọ sí ilé ìwé? Ọmọ tí ilé ìjọsìn àwọn míṣọ́nnárì wà nítòsí ilé bàbá rẹ̀, tí bàbá náà kì í ṣe Mùsùlùmí tí ń bẹ̀rù pé wọn yóò sọ ọmọ òun di Kírísítẹ́nì, tí ó ní arákùnrin tí yóò dúró ní oko, tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọkùnrin. Nítorí náà, nígbà tí oníṣirò bá kọ ‘kò kàwé’ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìyá kan, obìnrin, òtòṣì, ará oko àti ẹ̀sìn ni ó kọ papọ̀ síbẹ̀ láìmọ̀. Ó sì kọ òdo sí ẹ̀gbẹ́ babaláwo tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún há ẹsẹ Ifá sórí lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, àti ààfáà tí ó ka Kùránì láti orí ní ilé kéú. Bí ohunkóhun bá wà tí a lè pè ní ìṣẹ́ iyè, tiwọn nìyẹn. Ìbéèrè bóyá irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń dáàbò bo ọpọlọ bí ti ilé ìwé kò ṣeé dáhùn pẹ̀lú ìwé ìbéèrè tí kò ní àyè fún un.

Nísinsìnyí àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti di àgbà. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní 1955 pé 65 ní nǹkan bí 2014. Àgbà tuntun ni wọ́n, wọ́n mọ̀ọ́kọ, wọ́n mọ̀ọ́kà. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ náà ń pọ̀ sí i láàrin ìlú. Iye 1.35 kì í ṣe tiwọn. Ẹni tí ó bá ṣì ń pe iye náà ní ti ‘Yorùbá’ ń sọ̀rọ̀ nípa ìran kan tí ó ti lọ.

Yorùbá kì í ṣe ọ̀kan

Ìwádìí kejì wà tí a kì í sábà sọ ní àpérò, bóyá nítorí pé kò fi wá wé ẹlòmíràn. Ìyẹn ni Ibadan Study of Ageing, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá ni ó gbà já, láti Èkó dé Kwara àti Kogí, ẹni ọdún 65 sókè tí ó lé ní 2,000 sì ni wọ́n bá sọ̀rọ̀. Níbẹ̀, Yorùbá wé Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ jáde: ewu àrùn arán ga jù lára obìnrin, lára àwọn tí kò ní lọ́wọ́, lára ará oko, àti lára àwọn tí kì í bá ẹgbẹ́ ṣe. Bí àṣà Yorùbá bá jẹ́ ààbò, kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn bákan náà. Ará oko tí a rò pé ó sún mọ́ ìṣẹ̀ǹbáyé jù ni kò ríbi sá sí.

Mo ní iyè méjì nípa ti ìbẹ́gbẹ́ṣe. Lóòótọ́, ìpàdé ẹbí, ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà, ọpọ́n ayò lábẹ́ igi, gbogbo rẹ̀ ń mú iyè ṣiṣẹ́: orúkọ ni, oríkì ni, gbèsè ni, ta ló wá sí ti wa tí a kò tíì lọ sí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá bàbá mi kò ní àrùn arán nítorí pé ó fi ìpàdé Ọjọ́rú sílẹ̀. Ó fi ìpàdé sílẹ̀ nítorí pé àrùn náà ti wọlé. Ìwádìí tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan tí ó parí lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ kò lè tètè ya méjèèjì sọ́tọ̀, nígbà tí àrùn náà ti lè máa rá pálá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ti obìnrin ni kò jẹ́ kí n sùn. Obìnrin Yorùbá ìran yẹn sábà máa ń fẹ́ ọkọ tí ó jù ú lọ dáadáa, ó sì ń pẹ́ láyé jù ú lọ. Opó ni yóò jẹ́ nígbà tí iyè rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, nínú ilé ọkọ tí ó ti kú, láàrin ọmọ orogún. Ọkùnrin tí ó bá ń ṣarán, a ó rẹ́rìn-ín, a ó ní ọjọ́ ogbó ni. Obìnrin tí ó bá jáde lóru, tí ó ń rìn káàkiri ọgbà, tí ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ tí ó ti kú, tí ó sì ní òun ló pa á nítorí pé ìbànújẹ́ ogójì ọdún ti dàpọ̀ mọ́ tòní lọ́kàn rẹ̀: kí ni a ń pe ìyẹn? A ní ó ti ń jẹ́wọ́. Sinimá àgbéléwò wa ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wa bí a ti ń wo ìran náà: irun funfun, ojú tí kò dúró sójú kan, ọ̀rọ̀ tí kò bá ara mu, lẹ́yìn náà àwọn ará àdúgbò pẹ̀lú òkúta. Mo ti jókòó nínú kíláàsì tí a ti ń fi irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe àlàyé ìgbàgbọ́ Yorùbá nípa àjẹ́, láìsí ẹni tí ó béèrè bóyá ìyá inú eré náà ń ṣàìsàn. Èmi náà kò béèrè.

Nítorí náà, bí a bá tún fẹ́ gbé ìwé ìbéèrè kan kalẹ̀ fún ẹbí àgbà lédè Yorùbá, n kò ní fi ‘Ṣé Màmá máa ń gbàgbé nǹkan?’ ṣíwájú. Ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀: ó ti dàgbà náà ni. N kò sì ní fi ṣarán síbẹ̀, nítorí pé nígbà tí ilé bá gbà pé òótọ́ ni, ọdún méjì ti lọ. Ohun tí n óò béèrè lọ́wọ́ ìyàwó ilé ni pé: ‘Kí ni Màmá máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí wọn kò ṣe mọ́, ta ló sì ń bá wọn ṣe é báyìí?’ Ní ilé tiwa, ìyàwó ilé ìbá ti dáhùn láìronú. Ìbá ti ní Màmá kò lọ sí ìpàdé Ọjọ́rú mọ́, àti pé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí owó àdìrẹ kà nígbà mẹ́ta lọ́jọ́ ọjà kan, òun ni ó ń bá wọn kà á.